Gbòǹgbò Pupa ní Àkùrọ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun

Munawwarah lorúkọ mi, aránṣọ ni mí ní Òkè-Fìà. Kí ìyá mi tó kú, ó fún mi ní irúgbìn ìrẹsì àtijọ́ kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. "Má jẹ́ kó run o," ló wí. Èmi ọlọ́gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ni mo gbìn sí àkùrọ̀ wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́dún tó kọjá. N kò ṣẹ́ hóró kan kù.

Ó ga tó orúnkún mi kí òjò tó dé. Odò kún, ó bo àkùrọ̀, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi rí ewé kankan. Mo sunkún.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo rí ṣóńṣó ewé lójú omi. Ẹnu yà mí: omi kò tíì fà, ìrẹsì ló ga lé e! Mo wọ́ inú omi lọ, mo fa ìdí kan tu láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, gbòǹgbò sì pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ìdílé oníṣu ni wá. Nílé wa, ohun ọ̀gbìn tí omi bá kọlù tí abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ti jẹrà nìyẹn, kíá la ó fà á tu kó má baà ran ìyókù. Mo fi ìbínú fà á tu, mo ń jù ú sórí ilẹ̀ gbígbẹ, oòrùn sì ń ràn.

Mo ti fa ju ìdajì lọ kí Bàbá Cornelius tó dé, tíṣà àgbà ará Iléṣà tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Munawwarah! Kí lò ń fà tu?"

"Ó ti jẹrà, sà. Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀."

Ó mú ìdí kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ó gé e lókè, ó gé ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀, ó ri gbòǹgbò rẹ̀ nìkan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó gbé wá. "Fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí mo gé lókè."

Mo fẹ́ ẹ. Ìfòòfó wẹ́wẹ́ ń yọ jáde nísàlẹ̀.

"Subhaanallah!"

"Kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹrẹ̀ yẹn," ló wí. "Ewé òkè ló ń mí ránṣẹ́ sí gbòǹgbò. Èyí tó bá jò jáde níbẹ̀ ló ń mú kí irin inú ẹrẹ̀ dípẹtà. Pupa tó o rí yẹn, èémí rẹ̀ ni, ọmọ mi."

Mo dúró nínú omi. Koríko lásán ló ń mí báyìí! Mo tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìfòòfó ń jáde.

"Àwọn tí mo ti fà tu ńkọ́, sà?"

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àwa méjèèjì tún wọn gbìn títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti rọ sójú oòrùn, wọn kò yè. Omi ọ̀sẹ̀ kan kò pa ìdí kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi pa ìdajì oko láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ojú tì mí.

Èyí tó kù so. Nígbà tí mo kórè, mo gbé irúgbìn lọ bá Bàbá Cornelius, mo kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, sà. Bí mo bá bèèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fún mi."