Ọdún Tó Fi Kàwé fún Bàbá Rẹ̀

Abọ́ irin bọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn Bàbá, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá dókítà. Nọ́ọ̀sì sáré yọjú láti yàrá kejì. Ọmọbìnrin Bàbá, òǹkọ̀wé, fò dìde lórí àga. Bàbá nìkan ni kò mira. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo àwòrán etí ńlá kan tó wà lára ògiri, bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò ní in lọ́kàn láti rà.

Dókítà tó jù ú sílẹ̀ kò ṣèèṣì. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó he abọ́ náà, ó tún jù ú sílẹ̀. Bàbá ò wẹ̀yìn.

Ó wá bi òǹkọ̀wé pé láti ìgbà wo ni Bàbá ò ti gbọ́rọ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé ní wọ́n ń gbọ́, etí tó ń yún wọn ló gbé àwọn wá, bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Dókítà mi orí. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ó ní etí méjèèjì ti kú fún ohùn ènìyàn, ó sì ti lé lọ́dún kan dáadáa. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tó fi ayé wọn ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aláriwo.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Dókítà," ni òǹkọ̀wé wí. "Mo ń kàwé fún wọn lójoojúmọ́."

Dókítà wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ní òun rí òkú lójú pópó.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń padà sílé, Bàbá ń sọ̀rọ̀ bí ìṣe wọn: ọ̀nà tí kò dára, ilé alájà tí ẹnìkan ń kọ́ tí kò parí, owó epo. Òǹkọ̀wé ń wa ọkọ̀ lọ, kò fèsì rárá, Bàbá ò sì béèrè ohun tó dé. Ìgbà yẹn ni ó yé e. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ta ni yóò bi í bóyá ó ń gbọ́?

Ìwé àwọn ọmọdé ni obìnrin náà ń kọ. Àǹtí Onítàn ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ilé ìkàwé ti pè é kó wá bá àwọn ọmọ àti òbí wọn sọ̀rọ̀ nípa ọdún kan tó fi kàwé fún Bàbá, nítorí ìròyìn ọdún náà ti tàn kálẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Bàbá ká jọ sórí àga bí aṣọ tí ènìyàn gbàgbé sórí okùn. Wọn kì í jáde, wọn kì í béèrè ẹnikẹ́ni. Ọmọ wọn kò mọ ohun tí òun lè ṣe, ló bá mú ìwé kan lápò, ó jókòó síwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ọjọ́ kẹta Bàbá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ìdajì ìlú kọjá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti wá kàwé: ìwé àwọn tó rin òkun, ìwé ìtàn iyọ̀, ìwé ọmọdé, ìwé àgbà, èyí tó dùn àtèyí tí kò dùn.

Kò tán síbẹ̀. Ìtàn tuntun tó ń kọ lọ́wọ́, ti ọ̀bọ kan tí kò lè súfèé, etí Bàbá ló fi dán an wò. Ibi tí Bàbá bá ti rẹ́rìn-ín, ó fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti yán, ó gé e dànù. Odindi orí kan tó dá lórí òjò ló bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé náà ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé báyìí, ó ti wà lórí àtẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá jókòó, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn. Òǹkọ̀wé dúró lẹ́yìn àga. Ó pe "Bàbá mi" jẹ́jẹ́. Ó tún pè é sókè. Ó wá pè é débi pé ajá aládùúgbò gbó. Bàbá ń tú okùn bàtà lọ.

Ó yí lọ síwájú wọn, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ kì í gbọ́ mi."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbé bàtà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kí wọ́n tó fèsì.

"Dókítà yẹn ti ṣòfófó."

Òǹkọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló fẹ́ jáde, kò sì sí èyí tó jáde nínú méjèèjì. Bàbá rán an létí pé ibi ìlagi làwọn ti ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Bí ayùn ńlá bá ti ń ké níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀. Ojú ni gbogbo wọn fi ń mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àwọn lè rí ọ̀kan mú. Ìyókù, ṣebí àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ẹ̀rín tí ẹ máa ń rín ńkọ́?"

"Imú rẹ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti rí i báyìí, mo ti mọ̀ pé ibi tó dùn ló ń bọ̀."

"Orí tó dá lórí òjò?"

"Ó ti sú ìwọ fúnra rẹ. O ń kà á bí ẹni tó ń fọ abọ́ ẹlòmíràn."

Òǹkọ̀wé rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí Bàbá sunkún nídìí ìtàn ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú. Òun náà ti ń sunkún kó tó dé ìdajì ojú ìwé náà. Ta ló kọ́kọ́ sunkún nínú wọn? Ó mọ̀ ọ́n wàyí, mímọ̀ náà sì dùn ún. Ó béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún òun, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé líle náà ò dé etí ẹnikẹ́ni.

Bàbá ti bàtà náà sábẹ́ àga. "Nígbà tí ìyá rẹ lọ, ilé yìí dákẹ́. Mo rò pé ikú rẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé etí mi ni." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní kàwé mọ́. Tí o ò bá kàwé mọ́, kí lo fẹ́ máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Òǹkọ̀wé bọ́ sí ilé ìdáná. Ó fẹ́ bu omi mu, omi dà sílẹ̀ ju èyí tó wọ ife lọ. Ó rò ó pé kí òun ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé pé ara òun ò yá. Nígbà tó fi máa jáde, Bàbá ti pààrọ̀ ẹ̀wù, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ìkàwé kún. Àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn òbí wà lórí àga lẹ́yìn wọn. Bàbá jókòó sápá kan níwájú, bí àlejò pàtàkì. Òǹkọ̀wé dárúkọ ìwé kan, ó dárúkọ òmíràn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní iyọ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé, ọkùnrin tínínrín tó gbé awò ojú rẹ̀ sórí, rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, ló bá dá sí i. Ó ní nínú gbogbo ìwé ọ̀hún, èwo ni Bàbá fẹ́ràn jù?

Òǹkọ̀wé bojú wo Bàbá. Ó mọ ibi tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tí wọ́n ti sunkún, ó mọ ibi tí wọ́n ti yán, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Èyí tí Bàbá fẹ́ràn fúnra wọn, kò bi wọ́n rí. Bó bá ti pa ìwé dé, ọ̀nà ilé ló máa ń gbà lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Bàbá, ó sì bi wọ́n. Bàbá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti ọkùnrin tó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ rìnrìn àjò."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn náà. Ọkùnrin kan kò fọkàn tán àwọn aládùúgbò rẹ̀, nítorí náà ó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó gbé e rù, ó di ọ̀nà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u nínú igbó, á gbé ilẹ̀kùn dúró, á kàn án, á bi ara rẹ̀ pé ta nìyẹn, á dáhùn pé èmi ni, á ṣí i, á wọlé lọ sùn. Nígbà tó dé odò, ó gun ilẹ̀kùn bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn. Olùtọ́jú ilé ìkàwé gbàgbé awò rẹ̀ sórí, ó ń wá a nínú àpò.

Òǹkọ̀wé dúró bí ọ̀pó. Kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá inú orí rẹ̀ títí. Ọkùnrin, igbó, odò... Ẹkùn! Ìtàn ọdẹ tó gbé ọmọ ẹkùn padà sínú igbó ni. Ẹkùn ló jáde lẹ́nu òun, ilẹ̀kùn ni Bàbá rí mú, wọ́n sì ti fi ọwọ́ onígi wọn gbẹ́ ìyókù rẹ̀ títí ó fi dọ́gba. Ó la ẹnu láti ṣàtúnṣe, ó tún pa á dé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún náà, ìtàn méjì ló ń wà nínú yàrá ọ̀hún, òun sì mọ ẹyọ kan péré.

Bàbá ti dé ibi tí ọkùnrin náà ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú igbó, tí ẹlòmíràn wá kan ilẹ̀kùn náà. Wọ́n dánu dúró níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan kígbe láti orí ẹní pé ta ló kàn án. Bàbá ò gbọ́. Ibòmíràn ni wọ́n kọjú sí.

Òǹkọ̀wé jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ. Ó fọwọ́ kan orúnkún bàbá rẹ̀, ó dúró títí wọ́n fi wo ojú rẹ̀, ó sì tún ìbéèrè náà bi wọ́n, nítorí òun náà kò mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn.