Kí Iná Tó Tàn Padà

Kí wọ́n tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Fusae ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tán: bí ọwọ́ ọkọ òun bá wá ọwọ́ òun wá nínú òkùnkùn, òun ò ní lọ sí Nagano mọ́. Bí kò bá sì wá, òun á pe àbúrò òun tí ilẹ̀ bá ṣú pé kó sá ẹní ibùsùn sóòrùn, òun ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyí lẹ́nu obìnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, olúwarẹ̀ kò tíì bá ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ gbélé pẹ́ ni.

Tokuji ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni, lórí ọ̀nà tó ti Asakusa lọ sí Shibuya, èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo ọ̀nà tó wà lábẹ́ Tokyo. Ibẹ̀ ló ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí òun àti Fusae ń fẹ́ra sọ́nà, ọ̀nà yẹn kan náà ló tún máa ń mú ọmọbìnrin náà gbà lọ́jọ́ ìsinmi. Bí ẹni pé kò sí ibòmíì láyé.

Àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn ayé ìgbà náà ní ìwà kan. Irin tó ń gbé iná fún wọn máa ń já níbì kan kí wọ́n tó wọ ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gun ibẹ̀, gbogbo iná inú rẹ̀ á kú, gílóòbù kékeré kan lára ògiri nìkan ni yóò máa ṣẹ́jú, kí iná tó tún tàn padà. Ará Tokyo ò ka èyí sí nǹkan kan, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn yẹn ni ọwọ́ kan máa ń wá gbá ọwọ́ Fusae mú. Bí iná bá tàn, ọwọ́ ti lọ, Tokuji á sì máa wo iwájú bí ère, àfi etí rẹ̀ tó pọ́n. Kò fẹnu sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ibùdókọ̀ sì pọ̀ láàárín Asakusa àti Shibuya, Fusae ka gbogbo wọn sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kí wọ́n tó dé èyí tó kẹ́yìn, ó ti gbà láti di ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ tuntun dé. Iná tiwọn kì í kú. Gbogbo ìlú ló dunnú sí i, àfi Fusae, nítorí ọwọ́ náà bá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ fẹ̀yìn tì. Orúkọ Fusae tiẹ̀ ti ṣáájú ọwọ́ náà lọ. Láti ọjọ́ tó ti bí Naoki, Ìyá Naoki ló ń jẹ́ lẹ́nu Tokuji, ìyẹn bí Tokuji bá rántí pè é rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, “ṣé o ń gbọ́?” ni.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n sọ. Awakọ̀ ojú irin ilẹ̀ Japan kì í fi ojú lásán wo nǹkan: yóò na ìka sí i, yóò sì pariwo pé ó dáa, kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu lè jọ jẹ́rìí sí i. Àmì ọ̀nà, ó dáa! Ilẹ̀kùn, ó dáa! Nígbà tí Tokuji fẹ̀yìn tì, ó kó àṣà náà wálé. Gáàsì, ó dáa! Fèrèsé, ó dáa! Ìkòkò ìrẹsì, ó dáa! Ológbò aládùúgbò tó ń sùn lórí ọgbà, òun náà dáa. Fusae á jókòó sáàárín gbogbo ohun tó dáa yìí, ìka náà á gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá aago ara ògiri.

Tokuji kì í nà án, kì í mutí, kì í sùn síta. Bí wọ́n bá ní kí Fusae wá ro ẹjọ́ rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé nínú ilé bí ohun tí kò sẹ́ni tó ń na ìka sí. Mitsue àbúrò rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ní kó máa bọ̀ ní Nagano, yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí òkè ṣófo, káwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro wọ́n. Láti ìgbà tí òdòdó ṣẹ́rì ti rẹ̀ dànù ni ọ̀rọ̀ náà ti wà níkùn Fusae.

Ìgbà náà ni ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ mú àwọn èèyàn rin ìrìn àbẹ̀wò lórí ọ̀nà àtijọ́ náà. Wọ́n á ṣí pèpéle kan tí wọ́n ti tì pa ní Shimbashi, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe bí ti àtijọ́ gbé wọn, wọ́n á pa iná rẹ̀ bó ṣe máa ń kú láyé ọjọ́un. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti ṣẹ́ ìbò. Fusae fi orúkọ àwọn méjèèjì sí i láì sọ fún ẹnì kan, ìbò sì mú wọn. Nígbà tó sọ fún Tokuji, ọkùnrin náà ní ó dáa. Kò na ìka sí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó de táì mọ́rùn. Fusae rí i tó ki ìbọ̀wọ́ funfun tó fi ń wakọ̀ bọ àpò kóòtù, ó sì rò ó lọ́kàn pé àgbàlagbà yìí fẹ́ lọ ṣe fáàrí fún àwọn ọmọdé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hamuro ló ń mú wọn kiri ní Shimbashi, ó gbé àsíá kékeré kan dání kí wọ́n má bàa sọnù. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọkùnrin tí ìfẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti gbà lọ́kàn láti kékeré, kámẹ́rà rọ̀ lọ́rùn oníkálukú. Hamuro ṣí ilẹ̀kùn irin kan tí Fusae ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, wọ́n sì bọ́ sórí pèpéle tó dákẹ́ rọ́rọ́. Orúkọ ibùdókọ̀ ṣì wà lára ògiri, táìlì kéékèèké ni wọ́n fi tò ó. Hamuro ṣàlàyé pé oṣù mélòó kan péré ni èrò fi wọkọ̀ níbẹ̀ ṣáájú ogun, kí wọ́n tó tì í.

Ọ̀rọ̀ pèpéle yẹn ká Fusae lára ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa, wọ́n lò ó díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

“Ẹ wò ó, Bàbá Naoki,” ó ní. “Bí wọ́n ṣe pa á tì nìyẹn.”

Tokuji ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táìlì ògiri. “Ta ló pa á tì? Ibí ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí tó bá di alẹ́,” ó ní. “Èrò ni kì í rí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gùn díẹ̀ fún Tokuji. Fusae yíjú wò ó.

Wọ́n wọ ọkọ̀ náà. Hamuro sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni iná máa kú, kí wọ́n tó wọ Ginza àti kí wọ́n tó wọ Kyobashi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Àwọn oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ bẹ̀rù? Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Fusae jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ òwú tó fi ń bo ọwọ́ lọ́wọ́ oòrùn, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé itan níbi tí afọ́jú pàápàá ti lè rí i. Ojú tì í fún ara rẹ̀, síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ náà kúrò.

Iná kú. Ariwo ọkọ̀ náà rọlẹ̀, gílóòbù kékeré ara ògiri tàn. Ó gbọ́ tí Tokuji ń mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ń dún wérewère. Ọwọ́ kò wá. Iná tàn, Ginza dé, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó tán nìyẹn, Fusae wí nínú ara rẹ̀. Kò bínú. Ìbànújẹ́ ló bá a, irú èyí tó máa ń bá èèyàn bí ó bá padà dé àdúgbò tí wọ́n ti bí i, tó rí i pé wọ́n ti wó ilé náà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro aṣọ òtútù tó máa kọ́kọ́ dì.

Iná kú lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kékeré náà, Fusae rí i pé Tokuji ti dìde dúró níwájú òun. Ìbọ̀wọ́ funfun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ nà láti èjìká wá, ìka rẹ̀ nà gan-an. Fusae kọ́kọ́ rò pé gílóòbù ló ń nà án sí. Kì í ṣe gílóòbù. Òun ló nà án sí.

“Fusae, ó dáa!”

Ohùn iṣẹ́ ló fi sọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ti iṣẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́. Iná tàn padà ó sì bá a lórí ìdúró, ìka rẹ̀ ṣì nà sí ìyàwó rẹ̀, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníkámẹ́rà tó jókòó lẹ́yìn, tó ti mọ̀ láti kékeré pé wọ́n máa ń dá awakọ̀ lóhùn ni, sì dáhùn láì rò ó pé, “Ó dáa!” Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tokuji jókòó. Etí rẹ̀ pọ́n bí ọ̀mẹ, èso pupa tí wọ́n máa ń fi iyọ̀ rẹ.

Ueno ni ìrìn náà parí sí. Àwọn yòókù sá lọ ya fọ́tò, Fusae sì fa Tokuji lọ sórí bẹ́ńṣì kan.

“Bàbá Naoki, kí lẹ ṣe yẹn?”

Tokuji bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa. “Mitsue pè lórí fóònù ilé nígbà tó o lọ ra wàrà sóyà,” ó ní. “Ó ní ṣé o máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù tìẹ wá ni àbí kóun wá ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ.”

Fusae bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Tokuji ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni. Òjò ti rọ̀ dá láti ìgbà náà, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn náà ti fẹ́ lọ.

“Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?”

“Mi ò mọ ohun tí màá sọ ni. Mo rò ó títí. Mo wá rí i pé gbogbo ohun tí mo bá na ìka sí, mi ò sọ ọ́ nù rí. Mo fi ojoojúmọ́ ayé gbé èrò ìlú yìí, mi ò sọ ẹnì kan nù. Ṣùgbọ́n ìwọ, mi ò na ìka sí ọ rí.”

Ó ti pẹ́ tí Fusae ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ pa pọ̀. Omi ti ń lé sí i lójú, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti jẹ ìyà ìdákẹ́jẹ́ tó báyìí kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

“Ọwọ́ mi tí mo gbé sílẹ̀ bíi ti alágbe ńkọ́? Ẹ ò rí i?”

“Mo rí i. Ìbọ̀wọ́ ni mo ń wọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò tètè wọlé.”

“Látọjọ́ yìí wá ńkọ́? Látìgbà tí Naoki ti wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?”

Tokuji wò ó, ó yà á lẹ́nu pé ó tún ń béèrè. “Iná ò kú mọ́,” ó ní.

Fusae rẹ́rìn-ín, ẹkún sì já lu ẹ̀rín náà. “Ẹ gbà mí o. Ṣé ilé tiwa ò ní bọ́tìnnì iná ni? Ẹ ò lè pa á fúnra yín?”

Ọkùnrin náà ro ìyẹn dáadáa. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò wá sí i lọ́kàn rí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mi ò ní dá ọ dúró. Awakọ̀ kì í gbéra kí àmì tó yí, àmì ọ̀hún sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Ueno ibí yìí náà lọkọ̀ Nagano ń gbà. Tó o bá ní o ń lọ, màá sìn ọ́ débẹ̀, màá gbé ẹrù rẹ.”

Fusae wo àtẹ̀gùn tó lọ síbi ọkọ̀ Nagano. Ó wo pèpéle ọkọ̀ Asakusa tó ń lọ sí ọ̀nà ilé. Ó dìde, ó na apá láti èjìká bó ṣe rí i tí wọ́n ń nà án láti ọjọ́ yìí wá, ó sì na ìka sáàárín táì ọkọ rẹ̀.

“Tokuji, ó dáa!”

Ohùn rẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́ awakọ̀, ó han gooro. Ọmọ iléèwé méjì yíjú padà. Tokuji ta gìrì, ó nà ró, ó sì dá a lóhùn bí òfin ṣe wí.

Inú máa bí Mitsue díẹ̀, torí kò ní dúró de ìpè kó tó sá ẹní ibùsùn náà. Tọkọtaya náà á jọ lọ kí i nígbà tí ápù bá pọ́n, Fusae á sì bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro wọ́n.

Ọkọ̀ Asakusa dé, ó kún, iná inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Wọ́n ráyè jókòó. Tokuji kọjú síwájú bí ère, ó ń wo ìpolówó ọtí bíà kan tó wà lókè. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lójú gbogbo èrò, ọwọ́ rẹ̀ gba orí ìjókòó wá, ó sì gbá ọwọ́ Fusae mú. Iná ọkọ̀ náà kò kú títí wọ́n fi dé Asakusa, ọwọ́ náà kò sì lọ.