Àga Tó Kọjú Sí Àpótí Ẹja

Ẹja méje ló wà nínú àpótí gíláàsì tó wà ní páálọ̀ mi. Mọ̀lẹ́bí epìyà ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, wọ́n sì lè jà kí ilẹ̀ ṣú. Èyí tó pupa jù ni mo sọ ní Alága. Ó ti gba òkúta ńlá apá òsì. Ẹja tó bá ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá, Alága á fi ẹnu ya ìrù rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni pé mò ń tọ́jú ẹja kiri ọ́fíìsì àwọn olówó. Tí mo bá tún délé, ẹja náà ni. Ó ti sú mi.

Ìjà tó wà níta àpótí ló tiẹ̀ wá le jù. Bàbá mi àti bàbá ọkọ mi jọ ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ìyàwó àwọn méjèèjì ti kú. Káfíńtà ni bàbá mi kí àgbà tó dé. Bàbá ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Tísà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àga mẹ́rin ló wà ní páálọ̀, àmọ́ èyí tó kọjú sí àpótí ẹja nìkan ni bàbá mi gbà pé ó jẹ́ àga. Bí Tísà bá ti fi ìdí lé e báyìí, ariwo dé nìyẹn.

"Àna mi, ẹ dìde níbẹ̀."

"Ṣé orúkọ yín ló wà lára ẹ̀ ni? Ọmọ mi ló ni ilé."

"Ọmọ tèmi ló ń se oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ!"

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi fi ọ̀pá gbá ìwé ìròyìn bọ́ lọ́wọ́ Tísà. Ọkọ mi pè mí sí yàrá. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "bàbá ẹ máa lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó." Kò pariwo, mo sì mọ̀ pé ó ti pinnu. Èmi nìkan ni ọmọ tí bàbá mi ní.

Ohun tí a máa ń ṣe fún ẹja oníjà kò le. A ó kó gbogbo òkúta inú omi, a ó tún wọn tò lọ́nà mìíràn. Èyí tó ń pàṣẹ kò ní mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́, gbogbo wọn á di àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo kó ẹja sínú garawa, mo tún òkúta tò, mo dá wọn padà. Bí mo ṣe ń nu ọwọ́, mo wo páálọ̀. Kí ló dé tí n kò ṣe tàwọn bàbá wa náà bẹ́ẹ̀? Tísà wà ní ilé ìwẹ̀, bàbá mi ń sùn. Mo wọ́ gbogbo àga kúrò láyè wọn, mo gbé tábìlì sí àárín, mo sún àga ìjà yẹn sí ìdí fèrèsé. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi jáde. Wọ́n rìn bí wọ́n ṣe ń rìn lójoojúmọ́, tààrà. Orúnkún wọn gbá tábìlì, wọ́n yà fún un, wọ́n kẹ̀yìn síbi tí àga máa ń wà, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì jókòó. Ilẹ̀ ni wọ́n bá.

Tísà ló sáré dé, aṣọ ìnura lọ́rùn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú bàbá mi. Ojú bàbá mi kò tẹ̀lé e.

"Àna mi. Láti ìgbà wo?"

Bàbá mi ní, "Ó ti tó ọdún kan. Iná inú àpótí yẹn nìkan ni mo ṣì ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mi."

Mo dúró ti garawa, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin sí wọn. Èmi tí mo máa ń wo lẹbẹ ẹja kí n sọ pé ara rẹ̀ ò yá. Ojú tì mí gan-an.

Tísà wò mí, wọ́n mi orí pé kí n má sọ̀rọ̀. "Mi ò ní sọ," wọ́n ní. Wọ́n lọ wọ́ àga náà padà fúnra wọn, wọ́n gbé bàbá mi lé e.

Nígbà tí ọkọ mi dé lálẹ́, ó bá wọn ní páálọ̀, kò sí ariwo. Ó bi wọ́n pé ta ló jáwọ́ nínú ìjà àga.

"Èmi ni," Tísà dá a lóhùn. "Iná ẹja yẹn ń ta mí lójú. Ojú mi ò dáa mọ́. Mo fẹ́ rí dókítà ojú lọ́jọ́bọ̀, àmọ́ mi ò lè dá lọ. Àna mi, ṣé ẹ lè bá mi dé ibẹ̀?"

Bàbá mi yíjú síbi tí ohùn ti wá. Àánú Tísà ń ṣe wọ́n, ó hàn lójú wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," wọ́n ní. "Màá di ọwọ́ yín mú."