Òṣùká Inú Kòtò Òwénà

Láti ìgbà tí Ẹnjiníà Bísọ́lá ti sọ pé okùn fáíbà wọn kò já, pé ńṣe ni ẹnì kan ká a kéré jù níbì kan, ara Kìtán Ṣàngódèyí kò gbé ojú kan mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tún jáde. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó rìn dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn ní Ìsìkan nílùú Àkúrẹ́, ó padà láì tọ̀. Gàníyù awakọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, wò ó títí, ó bi í bóyá ìjàlọ ló wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Kìtán tún wọ inú ọkọ̀.

Ọjọ́ kejìlá nìyẹn tí okùn fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ti ń ṣe ségesège. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ á máa lọ geere. Bó bá ti di aago kan ọ̀sán, tí oòrùn mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Oǹdó á sì máa pe fóònù léraléra. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ara okùn á tún yá. Ikọ̀ méjì ti lọ wò ó. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì ń padà.

Bísọ́lá ni kò gbà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ará Ọ̀bà-Ilé ni, ó kéré lára, ṣùgbọ́n bó bá di nǹkan mú kì í jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní aláìsàn tó jẹ́ pé ọ̀sán ni ibà ń kì í mọ́lẹ̀, èèyàn kì í lọ wò ó láàárọ̀ kó wá sọ pé ara rẹ̀ ti dá. Ó dúró de aago méjì, ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹnu okùn. Ẹ̀rọ yìí máa ń ju ìmọ́lẹ̀ sínú okùn, á sì ka bí ó ti pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ náà tó padà wá. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ibi tí àbùkù wà ti jìnnà tó. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì ni Bísọ́lá jù wọlé. Èkíní kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Èkejì dé ibì kan, ó já wálẹ̀. Ó ní ká ní okùn ló já ni, àwọn méjèèjì ni ì bá dúró síbẹ̀. Èkejì nìkan tó ń jò dànù yìí, òun ló fi mọ̀ pé wọ́n ká okùn náà kéré jù. Ó ní kìlómítà mọ́kànlélógún ó lé díẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ń ka okùn, kì í ka ọ̀nà. Inú kòtò onísìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ká àlékún okùn sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò bá nílò rẹ̀, ìdí nìyí tí okùn fi gùn ju ọ̀nà lọ. Bísọ́lá tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ń yọ okùn inú kòtò kọ̀ọ̀kan kúrò, ó ń fi bírò sàmì. Kìtán kò nílò ìwé. Lọ́dún 2016 tí wọ́n ń ri okùn náà mọ́lẹ̀, òun ló wọ gbogbo kòtò wọ̀nyẹn láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. Kí bírò tó dúró ló ti mọ ibi tí yóò dúró sí: kòtò tó kẹ́yìn kí a tó dé afárá Òwénà, lọ́wọ́ ọ̀tún, lábẹ́ igi arère. Òun ló ká okùn inú rẹ̀. Ó sì mọ bí òun ṣe ká a.

Akíntóyè, ọmọ Oǹdó, ni ọ̀gá iṣẹ́ nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ó na bébà kan sí Kìtán lójú lébìrà mẹ́rìnlá, ó ní kó ka bí a ṣe ń ká okùn kí gbogbo wọn gbọ́. Ó mọ̀ pé púráímárì fóò ni Kìtán ti kúrò nílé ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kìtán ka ọ̀rọ̀ méjì, ó dúró, òógùn bò ó.

"Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ wò ó," ni Akíntóyè wí, "bóyá á rí àwòrán níbẹ̀."

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín títí tí àwọn mìíràn fi ń fi ṣọ́bìrì gbé ara dúró. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Fóò.

Bẹ́ẹ̀, Kìtán mọ okùn ká ju ẹni tó kọ bébà náà lọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó fẹ̀ tó ẹnu agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, kí ìmọ́lẹ̀ lè yí i po láì fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó kúnlẹ̀ sínú kòtò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ká okùn náà kéré bí òṣùká obìnrin tó fẹ́ ru igi, ó fi wáyà dì í pinpin, ó tì í sí kọ̀rọ̀, ó dé e. Akíntóyè wà nínú ọkọ̀ níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ sí i. Kò sọ̀ kalẹ̀. Orí àga ọkọ̀ ló jókòó sí tó fọwọ́ sí ìwé pé òun fi ojú òun rí kòtò náà.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Akíntóyè di ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì Oǹdó. Kìtán kò kí i rí láti ìgbà náà, àfi kó wo ilẹ̀. Ìrẹsì ọdún tí Akíntóyè ń pín fún òṣìṣẹ́, adìyẹ ló ń jẹ tirẹ̀. Nígbà tí ìyá Akíntóyè kú, tí gbogbo wọn lọ bá a dárò, Kìtán bá wọn dé Oǹdó, ó sì dúró ti ọkọ̀ lójú títì títí wọ́n fi ṣe tán. Wọ́n bi í pé kí ló wá ṣe nígbà náà. Ó ní òkú kò ṣẹ òun.

Bísọ́lá fi Oyèbọ́lá, ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti ẹ̀rọ ní Ìsìkan, àwọn mẹ́ta yòókù sì mú ọ̀nà Oǹdó pọ̀n. Ẹnu Gàníyù kò dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní ìwé ti ti olú ọ́fíìsì wọn ní Èkó wá, pé ẹni tó bá fọwọ́ sí kòtò tí wọ́n bá ti rí àbùkù ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́rin péré ló kù kí Akíntóyè fẹ̀yìn tì, àfàìmọ̀ kí wọ́n má lé e bí olè lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Bàbá Kìtán," ni Gàníyù wí, "ọ̀tá yín ló ń lọ sínú iná yìí o. Ẹ̀yin ẹ ṣáà jókòó kí ẹ máa yáná."

Òótọ́ ni. Kò sí orúkọ lébìrà kankan nínú ìwé. Ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan ló wà níbẹ̀. Kìtán kò ní í ṣe ju kó pa ẹnu mọ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó wá adùn náà títí, kò rí i. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó bọ́ bàtà, ó tún wọ̀ ọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ẹjọ́ tí òun ti ń jàre láti ọdún mẹ́jọ, òun ló fẹ́ di ẹlẹ́bi rẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá lé Akíntóyè nítorí iṣẹ́ ọwọ́ òun, Akíntóyè ni aráyé yóò máa ṣàánú. Ẹni tó fini ṣẹlẹ́yà á wá di ẹni tí a ṣẹ̀. Kí ni òun yóò tún máa bá a fà mọ́?

Nígbà tí wọ́n dé Òwénà, igi arère ti lọ. Àwọn tó ń fẹ ọ̀nà ti gé e, ó ku kùkùté. Oòrùn wá ń pa ìdérí kòtò náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tí ìbòòji bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ ni ooru wá ń fún lọ́rùn lọ́sọ̀ọ̀sán.

Akíntóyè, tí Bísọ́lá ti pè lórí fóònù, ti ti Oǹdó dé ṣáájú wọn. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí, táwẹ́lì kékeré wà léjìká rẹ̀. Ó kí Bísọ́lá dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yíjú.

"Fóò, o ti dé? Wá ṣí i."

Kìtán mú irin, ó ṣí i. Ooru fẹ́ jáde bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò. Bísọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú kòtò. Ó ya fọ́tò. Ó gé wáyà náà, ó ń tú okùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú irun ọmọdé. Ó pe Oyèbọ́lá lórí fóònù. Oyèbọ́lá ní ìmọ́lẹ̀ ti gòkè padà, pé ó dúró ṣinṣin.

Akíntóyè jókòó sórí kùkùté, ó fi táwẹ́lì nu ojú. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Kọ ohun tí o rí, Ẹnjiníà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i." Ó nawọ́ sí ọkọ̀ láì wo ẹ̀yìn. "Fóò, bá mi mú omi nínú ọkọ̀ yẹn."

Kìtán kò mira. Gàníyù ló lọ mú omi.

Bísọ́lá ti ṣí ìwé, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ dúró ná," ni Kìtán wí. Kì í sábà fi "ẹ" bá ẹni tó kéré sí i sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ká a."

"Ẹ̀yin kọ́, Bọ̀ọ̀dá Kìtán. Mo ti ṣí àìmọye kòtò yín. Ẹ kì í ká okùn báyìí."

"Mo mọ̀ ọ́n ká. Inú ló ń bí mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Gàníyù sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó dákẹ́, pé kò sẹ́ni tó bi í. Kìtán kò wò ó.

"Pé ó jókòó sínú ọkọ̀ tó fọwọ́ sí ohun tí kò rí, tirẹ̀ nìyẹn, kó jẹ́jọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ká a, ọwọ́ mi ni. Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún, ẹ má kọ Fóò."

Bísọ́lá wò ó, ó wo Akíntóyè. Ó kọ ọ́.

Akíntóyè dìde, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú. "Kìtán," ni ó wí, "mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Má sọ nǹkan kan." Gàníyù gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó fi ojú wo ilẹ̀. "Kì í ṣe nítorí tìẹ. Mo ń bá ọ jà, mi ò sì tíì parí. Ohun tí ìwọ ṣe ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí, kì í ṣe ohun tí èmi ṣe."

Ó mú okùn náà, ó wọ inú kòtò, ó tún un ká bó ṣe yẹ.

Èkó ní kí Kìtán lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí Akíntóyè, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Kìtán ti wà nílé, tí ó ti tún òrùlé ṣe, tí ó ti tún ọgbà ṣe, tí kò tún rí nǹkan tún ṣe mọ́, Gàníyù wá jíṣẹ́. Ó ní Akíntóyè ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn.

Kìtán bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Gàníyù ní ti bébà tí ó ní kó kà.

"Ìyẹn nìkan?"

"Òun ló dárúkọ, Bàbá."

"Sọ fún un kó tún un kà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó jókòó sórí kùkùté, tí mo fẹ́ yọ ọ́ nínú ẹ̀bi, ó tún pè mí ní Fóò, ó ní kí n lọ mú omi wá. Ó ti di méjì."

Gàníyù bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kìtán ní kó má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó ní bí Akíntóyè bá ṣì wá, òun yóò ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, ó ti ilẹ̀kùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí i, ó ní ooru mú. Ó gbé àga kan síta, ó gbé e wọlé, ó tún gbé e síta. Nígbà tí ó gbọ́ ìró ọkọ̀ ní ìyànà, àga náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní àárín ẹnu ọ̀nà.