Àlejò Ilé Kẹrìnlá

Ènìyàn líle ni mí, n kò ní í tàn yín. Nígbà tí àwọn ará òpópónà wa ní Apo l'Ábújá fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ onílé, géètì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni òfin: àlejò tí onílé kò bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀, kò ní í wọlé. Mo tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìpè nọ́ńbà tí kò mọ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà wọlé síni lára. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tilẹ̀ fóònù sílé ní Mọ̀pà, mo fi ipò náà yangàn.

Ilé kẹrìnlá nìkan ló kù tó ń dà mí láàmú. Opó kan, Alájà Sàídátù, ló ni ín. Lójoojúmọ́ ló ń fi orúkọ àlejò ránṣẹ́, mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la, tàwọn ti báàgì. Láníyì, akọ̀wé wa, ní òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ilé gbígbé la kọ́ síbí, a kò kọ́ ilé èrò. Bí a bá fojú fo ti òní, ilé ọtí ni yóò kàn lọ́la. Mo bá jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba, ó le bí òkúta Mpape: a kò mọ àwọn àjèjì wọ̀nyí, a kò mọ ẹni tó bí wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti Láníyì pẹ̀lú Tony tó ń ṣọ́ géètì lọ síbẹ̀. A fẹ́ bi àlejò kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tó mọ̀ ládùúgbò, kí n kọ ìdáhùn sẹ́yìn ìwé náà.

Alájà kò bá wa jà. Ó ṣí pálọ̀ sílẹ̀, ó ní ká wọlé. Mátírẹ́ẹ̀sì ló tò sílẹ̀, aláìsàn ló kún orí wọn. Ó ní ọsibítù ni wọ́n ń lọ, pé láti ìgbèríko ni wọ́n ti wá, wọn kò sì níbi tí wọn yóò sùn sí. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni. Òfin ni òfin.

Ìgbà náà ni mo rí obìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ kan. Àbúrò ìyá mi ni, Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, ẹni tó gbà mí tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá mi ti kú.

Kí n tó la ẹnu, Tony ti nawọ́ sí i. Ó ní mama yìí ló jókòó sẹ́nu géètì lọ́jọ́ Túsìdeé látọ̀sán dìrọ̀lẹ́, tó ní ọmọ òun ń gbé níbí. Ó yá fóònù ẹni tó ń kọjá, ó pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Nígbà tí Tony sì sọ fún un pé alága ló ṣe òfin géètì, ó kọ̀, kò dárúkọ ọmọ náà fún ẹnikẹ́ni. Alájà ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e wọlé.

Mo rántí ìpè mẹ́ta náà. Mo rántí bí mo ṣe ń wo fóònù títí ó fi dákẹ́.

Láníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi í pé, "Mama, ta ni ọmọ yín níbí?"

Ó fi ojú kan tó kù wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó wá wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi ò gbé ibí," ó ní. "Ilé ni mo ṣì."

Láníyì yíjú sí mi. "Alága, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni."

Bíró wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́. N kò ní í tàn yín, mo kọ ọ́ tán kí n tó dọ̀bálẹ̀.