Gíláàsì Tí Monísọ́lá Gbá

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìgbálẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọkọ ilé di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn, ẹ ò ní sùn lé mi lórí.

Ní Chikaji, ní Zaria, nígbà ọyẹ́ ọdún 1979, Matthew ọmọ Kabba ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí aláṣọ kan. Ẹ̀yìn ibẹ̀ náà lòun àti Monísọ́lá ìyàwó ẹ̀ ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn, ó rí i pé wọ́n ti fọ́ gíláàsì fèrèsé, wọ́n sì ti kó aṣọ lọ. Ó sáré lọ pe ọlọ́pàá.

Kó tó dé, Monísọ́lá gbé ògì ọkọ ẹ̀ wá, ó bá àfọ́kù gíláàsì nílẹ̀ nínú ilé. Láti kékeré ni ìyá ẹ̀ ti kọ́ ọ pé ilẹ̀ la ń kọ́kọ́ gbá láàárọ̀. Ṣé kí àfọ́kù wá gún ọkọ òun lẹ́sẹ̀ ni? Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo ẹ̀ jáde, ó wọ́ ọ jọ sábẹ́ fèrèsé níta, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kọ́pùrù ọlọ́pàá tó bá Matthew dé wo ilẹ̀. "Ìta ni gíláàsì wà. Inú ni wọ́n ti fọ́ ọ. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?" Wọ́n ti Matthew mọ́lé.

Monísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tóun bá ní òun lòun gbálẹ̀, wọn ò ní sọ pé òun ń bo ọkọ òun láṣìírí? Wọn ò ní ti òun náà mọ́lé, kí Grace ọmọ àwọn wá di ọmọ ta? Kò sọ fẹ́nì kan.

Nígbà tó yá, wọ́n rán Ọládòṣù wá láti Kaduna, ọlọ́pàá tó jẹ́ pé ohun tí olè fi sílẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Ó lóṣòó sábẹ́ fèrèsé, ó ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo àfọ́kù. Monísọ́lá fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n.

"Kọ́pùrù, fọ́nrán òwú wà láàárín gíláàsì yìí. Ṣé òwú ń hù níta ni?"

"Atẹ́gùn lè gbé e wá, ọ̀gá."

"Atẹ́gùn wo ló ń kó pàǹtí jọ ní òkìtì báyìí?" Ó wọlé, ó tọ́ka sí eruku ọyẹ́ tó wà nílẹ̀. "Ojú ìgbálẹ̀ rèé. Ta ló gbálẹ̀ níbí?"

Ó wo ìyàwó Matthew. "Ìyá Grace?"

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni. Bàbá Grace ò mọ̀ rárá. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló bà mí."

"Ẹ̀rù wa bà yín, ẹ wá jẹ́ kí baálé yín máa sùn lórí símẹ́ńtì."

Ó rọra sàmì sójú àfọ́kù tó ṣẹ́kù sára férémù, ojú tó kọ síta, ó wá yọ ọ́. "Kọ́pùrù, wo etí ẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yìí tẹ̀ bí ọrun. Ibi tí wọ́n tẹ̀ sí ló ń sọ ibi tí ẹni tó lù ú dúró."

Monísọ́lá sún mọ́ wọn. "Níbo ni, sà?"

"Ìta."

Wọ́n dá Matthew sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Nílé, bó ṣe ń mu ògì, ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́. Monísọ́lá dìde, kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, ojú ọkọ ẹ̀ ló ń wò.

"Gbá a, Ìyá Grace," ni Matthew wí. "Èmi ni mo fọ́ ọ."

Grace fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó wálé wá ṣọdún Kérésì.