Èéfín Ìyá Ilhom

Ẹṣin tó ń tòògbé lójú ogun kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń kú lójú pópó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ funfun Ilhom ṣe wọ ọgbà Ọ̀gá Ergash ní ìlú Rishton láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wọlé tagbáratagbára, Ilhom gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ sì kú pátápátá sábẹ́ àtíbàbà àjàrà.

Ọ̀gá Ergash ò dìde. Tíì rẹ̀ ló ń mu lọ. Ogójì ọdún ló ti ń fetí wo ọkọ̀ sàn.

“Ọ̀gá, ẹ gbà mí o,” ni Ilhom wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè Qamchiq lọ́sẹ̀ yìí. Olórí ibùdókọ̀ wa ní bó bá tún kú lẹ́ẹ̀kan péré, òun á yọ mí kúrò láàárín àwọn tó ń gbé èrò lọ sí Tashkent. Bẹ́ẹ̀, aago méjì ọ̀sán òní ló kàn mí.”

“Ta ló ti wò ó?”

“Mẹkáníìkì ẹ̀bá ibùdókọ̀ ni. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Ó ní ó ku kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.”

Ergash bú sẹ́rìn-ín. “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó kù díẹ̀ kó ní kí o pààrọ̀ ìyàwó. Tan ọkọ̀.”

Bí Ilhom ti ń tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń kọrin. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, ló bá dákẹ́.

“Ẹsẹ̀ rẹ ló ń bá a mí,” ni Ergash wí. “Fáàfù kékeré kan wà tó yẹ kó máa bu afẹ́fẹ́ fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ò bá sí lórí tọ́tù. Òun ni kò ṣiṣẹ́.”

“Ó dá yín lójú, Ọ̀gá?”

“Ṣé ó dá ìwọ lójú pé ìyá rẹ ló bí ọ?”

Ó ti gílóòbù tẹ́sítà bọ wáyà fáàfù náà. Iná tàn, iná ń dé ibẹ̀. Ó dá wáyà padà, ó gbé ìka lé fáàfù, ó ní kí Ilhom yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kó gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Kò mira. Ergash tú orí bátìrì, ó tú ìdè méjì, ó fa fáàfù jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú.

“Ilhom, ta ló ń sun isiriq fún ọkọ̀ rẹ?”

Ewé tí àwọn ìyá fi ń lé ojú burúkú ni isiriq, òórùn rẹ̀ kì í sì í fara sin.

“Ìyá mi ni. Ọkọ̀ ta ni wọn kì í sun ún fún? Láràárọ̀, wọ́n á ní kí n tan ọkọ̀, kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá gbé páànù èéfín síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Wọ́n ní ihò imú ni ojú burúkú ń bá wọlé.”

Ergash fọwọ́ wá róbà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ti ya, ẹnu ibi tó ya gbàyè ìka méjì. “Ó tán. Èéfín ìyá rẹ ò bá asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ pàdé lọ́nà rárá.”

Ó fi epo fọ fáàfù títí ó fi ń dán, ṣùgbọ́n kò rìn. Ìjàkadì pẹ̀lú èérí èéfín ti jó wáyà inú rẹ̀. Ergash mú tuntun wá, ó tò ó ti àtijọ́. Imú tuntun yọ jù, ó rọra tì í wọlé títí wọ́n fi gùn dọ́gba, kó má baà gún ihò lójú. Ó fi òróró pa róbà ẹnu rẹ̀, ó dè é, ó pààrọ̀ róbà tó ya, ó dá orí bátìrì padà.

“Yí kọ́kọ́rọ́, má tíì tan án. Ka ẹní dé ẹ̀wá. Jẹ́ kó wá ibi tó máa jókòó sí.”

Ilhom kà á tán, ó tan ọkọ̀, ó gbẹ́sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Ergash gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí. Tíì náà ò dà.

Ìgbà náà ni Ìyá Tursunoy, ìyá Ilhom, wọlé pẹ̀lú páànù tó ń rú tùù. “Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà! Ọmọ mi, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Ilhom wo Ergash. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ergash dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà láti kí i.

“Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹni tó ń ṣe ìlara ọkọ̀, ṣé iwájú ló ń dúró sí ni, àbí ẹ̀yìn?”

“Ẹ̀yìn ni. Ta ló jẹ́ dúró níwájú ọkọ̀ ọmọ mi?”

“Ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ ti máa sun ún nìyẹn, níbi búùtù.”

Ìyá náà wò ó. Ó wo fáàfù dúdú tó wà lórí àkísà, ó gbé e sí imú.

“Ergash, mo pọ̀n ọ́ rí. Má fi mí ṣeré. Ṣé èéfín mi ló pa ọkọ̀ yìí?”

“Ìyá, èéfín yín ṣiṣẹ́. Ojú burúkú ò wọlé. Afẹ́fẹ́ náà ni ò wọlé.”

Ìyá Tursunoy rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí. Ó gbé páànù yí búùtù po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fẹ́ ìyókù èéfín sí Ergash lójú. “Gba tìrẹ. Ẹnu rẹ ti mú jù.”

Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá, fóònù Ergash dún.

“Ọ̀gá, ẹnu ihò abẹ́ òkè Qamchiq la wà, ọkọ̀ tò lọ súà. Mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹ gbọ́.”

Ergash tẹ́tí. Jẹ́jẹ́ ló ń kùn, bí ológbò ẹ̀bá iná.

“Mo ti gbọ́ ọ láti àárọ̀,” ló wí. “Kó èrò rẹ lọ.”